Tápẹ́ẹ̀tì Tó Ń Dún Kẹ́kẹ́kẹ́: Ohun Tí Ẹ Ó Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Tú Orí Ẹ́ńjìnì

Ẹ tan mọ́tò láàárọ̀, ẹ gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ láti orí ẹ́ńjìnì, bí ìgbà tí télọ̀ bá ń fẹsẹ̀ wa maṣíìnì ìránṣọ. Ẹ tẹ tíròtù, ìró náà sáré. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó rọra. Mẹkáníìkì tó wà nítòsí tẹ́tí sí i díẹ̀, ó ní, “Tápẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀gá. Ẹ lọ ra odindi sẹ́ẹ̀tì wá.” Tápẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin kékeré tó ń tẹ fáàfù ṣí, ìyẹn àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, tí èéfín sì ń gbà jáde. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni mẹkáníìkì náà sọ. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́tò tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ mi nítorí ìró yìí, owó ọ́ìlì àti fílítà ló parí ọ̀rọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi to iṣẹ́ náà báyìí: ohun tí kò náni lówó la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, títú ẹ́ńjìnì ló máa kẹ́yìn.

Volkswagen Golf 3 oníbẹtiróòlù, ẹ́ńjìnì lítà 1.8 tàbí 2.0 tó ní fáàfù mẹ́jọ, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Òun ni ọwọ́ mi mọ̀ jù, ó sì ṣì wà káàkiri lọ́dọ̀ wa, pàápàá àwọn tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé.

Ṣé tápẹ́ẹ̀tì háídírọ́líìkì tiẹ̀ wà nínú ẹ́ńjìnì yín?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ìbéèrè yìí. Oríṣi tápẹ́ẹ̀tì méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ irin lásán: ó gbọ́dọ̀ ní àlàfo tíńtín láàárín òun àti kámúṣáàfù (ọ̀pá onímú tó ń yí lókè ẹ́ńjìnì láti ṣí fáàfù), èèyàn ló sì ń fi ọwọ́ wọn àlàfo náà. Èkejì ni ti háídírọ́líìkì, tí ọ́ìlì inú rẹ̀ ń dí àlàfo náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí ti irin lásán bá ń dún, àlàfo rẹ̀ ló ti fẹ̀ jù. Ẹ lè pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ títí di àmọ́dún, kò ní dákẹ́.

Corolla 2003 sí 2008 tó gbé ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE, irin lásán ni tiẹ̀. Camry onípísítìn mẹ́rin tó gbé 2AZ-FE, bákan náà ni. Honda Accord 2003 sí 2007 tó gbé K24 ní síkúrúù àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń wọn àlàfo. Ṣùgbọ́n Corolla tó gbé 2ZR-FE, Camry V6 tó gbé 2GR-FE, Mercedes àtijọ́ tó gbé M111, àti Golf 3 wa yìí, háídírọ́líìkì ni gbogbo wọn. Ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì, kí ẹ wá wo ìwé rẹ̀. Ẹ má fi ìró dájọ́, torí oríṣi méjèèjì dún bákan náà létí.

Ohun tó wà nínú ife kékeré náà

Tápẹ́ẹ̀tì Golf 3 dà bí ife irin kékeré tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí fáàfù. Mẹ́jọ ni wọ́n. Imú kámúṣáàfù ló ń tẹ ìdí ife náà, ife sì ń tẹ fáàfù ṣí. Nínú ife yìí ni písítìn kéékèèké kan wà, pẹ̀lú sípíríìnì àti bọ́ọ̀lù irin tó kéré ju ẹ̀wà lọ. Nígbà tí imú kámúṣáàfù bá ti yí kúrò lórí rẹ̀, sípíríìnì á ti písítìn náà jáde díẹ̀ kó lè dí àlàfo, ọ́ìlì á sì ti abẹ́ bọ́ọ̀lù wọlé. Nígbà tí imú bá tún padà wá tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù á dé ẹnu ihò pa, ọ́ìlì á há sínú.

Ẹ mú sìríńjì, ẹ fa omi kún inú rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́. Kò ní lọ. Ẹ da omi nù, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn nìkan wà níbẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́: á máa lọ, á máa bọ̀ bíi fóòmù. Bí tápẹ́ẹ̀tì tó dáa àti èyí tó ń dún ṣe yàtọ̀ síra gan-an nìyẹn. Tí atẹ́gùn bá wọ inú rẹ̀, tí ìdọ̀tí bá há sábẹ́ bọ́ọ̀lù, tí ọ́ìlì kò bá débẹ̀ pẹ̀lú agbára, tàbí tí písítìn rẹ̀ ti jẹ, àlàfo á ṣẹ́ kù, irin á sì máa gbá irin.

Ẹ fi etí ṣiṣẹ́ ná

Ìgbà tí ìró náà ń wá ló máa kọ́kọ́ sọ àrùn fún yín. Ẹ má wẹ ẹ́ńjìnì, ẹ má da nǹkan kan sí i. Ẹ tan án ní tútù láàárọ̀, kí ẹ sì dúró tì í.

Bí ó bá dún fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú kan, tó sì dákẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn fáàfù tó wà ní ṣíṣí nígbà tí ẹ paná mọ́tò lálẹ́ ń tẹ tápẹ́ẹ̀tì wọn mọ́jú, ọ́ìlì á sì jò kúrò nínú wọn. Tó bá ti ń pẹ́ ju bó ṣe máa ń rí lọ, ẹ fura sí fílítà. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú fílítà gidi tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sísàlẹ̀ bí ẹ bá paná. Nínú àwọn fílítà olówó pọ́ọ́kú kan, rọ́bà yìí ti gan paali láti inú páálí rẹ̀.

Bí ó bá dákẹ́ ní tútù, tó wá ń dún nígbà tí ẹ́ńjìnì ti gbóná tó sì wà ní síló (tí ẹ kò tẹ tíròtù), ọ́ìlì ti ṣàn jù, tàbí agbára pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì kò tó mọ́, tàbí bíárìn ìsàlẹ̀ (irin tí ọ̀pá ńlá ẹ́ńjìnì ń yí nínú rẹ̀) ti jẹ. Èyí burú ju ti òwúrọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn eré gígùn ló ń bẹ̀rẹ̀, ẹ wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó: tó bá kéré, pọ́ọ̀ǹpù ń fa atẹ́gùn mọ́ ọn, tó bá pọ̀ jù, kíráńkíṣáàfù (ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) ń lù ú bí ẹni ń po ẹyin, ó ń hó. Èyí tó ń dún tọ̀sán-tòru, ní tútù àti ní gbígbóná, lórí síló àti lórí eré, òun ló ṣeé ṣe jù kó jẹ́ pé tápẹ́ẹ̀tì ti há tàbí pé imú kámúṣáàfù ti jẹ.

Ẹ wá ibi tó ti ń dún. Ẹ mú sukurudiráfà gígùn, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ìdérí orí ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ sí eegun ẹ̀yìn etí. Ẹ máa ṣí i láti sílíńdà kìíní dé ìkẹrin. Èyí tó ń dún á gbá yín létí bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Ẹ ṣọ́ aṣọ àti ọwọ́ yín lọ́dọ̀ bẹ́líìtì àti fáànù. Mo mọ ọmọọṣẹ́ kan tí fáànù gba fìlà lórí rẹ̀, orí ló kó o yọ.

Àwọn ohun mẹ́ta ló máa ń fara jọ tápẹ́ẹ̀tì. Èkínní ni gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń dí ojúpọ̀ irin méjì) mánífóòdù (páìpù tó ń gba èéfín kúrò lára ẹ́ńjìnì) tó jò: èéfín ń tú jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìró, ó sì lè dákẹ́ tí irin bá gbóná tó fẹ̀, kó wá tan èèyàn jẹ. Ẹ wá èédú dúdú níbi tí mánífóòdù ti pàdé ẹ́ńjìnì. Ẹ tún lè fa wáyà púlọ́ọ̀gì sílíńdà kan yọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré (ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, iná ibẹ̀ kì í ṣeré): bí ìró náà bá rọlẹ̀, kì í ṣe tápẹ́ẹ̀tì, nítorí tápẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ bóyá epo ń jó tàbí kò jó. Èkejì ni íńjẹ́ítọ̀ àwọn mọ́tò tuntun tí ń fún epo tààrà sínú sílíńdà. Bí wọ́n ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìn ńlá mọ́ kíráńkíṣáàfù), òun ló sì ń ba ni lẹ́rù. Ìró tirẹ̀ wúwo, gbì gbì gbì, láti ìsàlẹ̀, ó sì ń le sí i bí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ paná. Ẹ má wakọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ fà á lọ.

Bákan náà ni fún iná pupa ọ́ìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Tó bá tàn pẹ̀lú ìró yẹn, ẹ paná lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì

Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ paná, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà sínú ihò rẹ̀, ẹ tún fà á. Àárín àmì méjèèjì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà. Lórí Golf 3, láti àmì ìsàlẹ̀ dé ti òkè tó nǹkan bíi lítà kan.

Ẹ kán ọ́ìlì náà sórí ìka, ẹ fi àtàǹpàkò rìn ín. Dúdú nìkan kò sọ pé ó bàjẹ́, ọ́ìlì tó ń fọ ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ dúdú. Tó bá ń ta kókó bí àmàlà tí kò jiná dáadáa, tàbí tó ń rùn bí epo bẹtiróòlù, ẹ dà á nù. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìdérí tí ẹ ń gbà da ọ́ìlì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ irin bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná, ẹ ti rí ọ̀tá.

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Golf 3 ń gba nǹkan bíi lítà mẹ́rin. Nínú ooru tiwa, 10W-40 tàbí 15W-40 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) dára fún un, 20W-50 náà kò ṣe é ní nǹkan kan bí ẹ́ńjìnì bá ti lo ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má rí i pé Golf fara mọ́ 20W-50 kí ẹ wá lọ dà á sínú Corolla 2ZR-FE tí wọ́n ṣe fún 0W-20 tàbí 5W-20. Ọ̀nà ọ́ìlì inú rẹ̀ tín-ín-rín, èyí tó ki á pẹ́ kó tó gòkè láàárọ̀, ẹ̀yin fúnra yín ló máa wá fowó ra ìró. Ibi tó bá ti ń tà á láti ọjọ́ pípẹ́, tó ṣeé padà sí, ni kí ẹ ti máa ra ọ́ìlì. Jálá tuntun pẹ̀lú ọ́ìlì tí wọ́n ti lò rí tí wọ́n tún sẹ́ kì í ṣe ìtàn àròsọ lọ́jà wa.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fi dísù tàbí kẹrosíìnì fọ inú ẹ́ńjìnì. Èmi kì í ṣe é mọ́. Kì í ṣe pé kò fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́ jù ni: ẹrẹ̀ tó ti lẹ̀ láti ọdún pípẹ́ á ṣí lójijì, á lọ dí asẹ́ pọ́ọ̀ǹpù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kẹrosíìnì kò lè gba bíárìn sílẹ̀ bí ọ́ìlì ṣe ń gbà á. Bí ẹrẹ̀ bá pọ̀, ọ́ìlì tuntun ni kí ẹ dà sí i, ẹ wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún kìlómítà 500, ẹ dà á nù pẹ̀lú fílítà, ẹ tún da òmíràn sí i, ẹ tún wà á tó 1,000. Ó ń ná ni lówó díẹ̀, ó sì gba sùúrù, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́. Ti oògùn inú agolo tí wọ́n ń dà sí ọ́ìlì, ẹ lè lò ó bí ẹrẹ̀ kò bá pọ̀, àmọ́ ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: èyí tí wọ́n bá ní kó ṣiṣẹ́ lórí síló nìkan kí ẹ tó dà á nù, ẹ má gbé e jáde lọ sójú títì.

Lẹ́yìn ọ́ìlì tuntun, ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná títí fáànù ràdíétọ̀ á fi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ tíròtù títí ẹ́ńjìnì á fi máa yí nígbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan (2,500 rpm), kí ẹ mú un dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀pọ̀ tápẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn wà nínú wọn ló máa dákẹ́ níbí. Bí ó bá ṣì ń dún, ẹ tẹ̀ síwájú.

Kí ẹ tó ra tápẹ́ẹ̀tì, ẹ wọn agbára ọ́ìlì

Bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé Golf 3 rẹ̀ wá bá mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró. Ó ń dún, mo gbọ́ ọ, mo ní tápẹ́ẹ̀tì ni. Mo ra mẹ́jọ tuntun ní Araromi, ọjà páátì mọ́tò ní Gate, n’Ìbàdàn, mo dè wọ́n, mọ́tò dákẹ́ rọ́rọ́, bàbá súre fún mi. Ọjọ́ kẹta ló padà dé. Kò bínú. Ó kàn ní, “Ọmọ mi, àlejò tí o lé lọ ti padà wá o.” Ìtìjú bá mi. Mo tú sọ́ǹpù ìsàlẹ̀ (abọ́ tí ọ́ìlì ń gbé lábẹ́ ẹ́ńjìnì), mo yọ asẹ́ pọ́ọ̀ǹpù. Gọ́ọ̀mù sílíkónì aláwọ̀ aró, tí ẹnì kan ti fi lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì sọ́ǹpù rí láìwọ̀n ọwọ́, ti já wọ inú, ó bo ojú asẹ́ náà bí ṣíńgọ́ọ̀mù. Ọ́ìlì kò rí ọ̀nà gòkè. Tápẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tí mo yọ sọnù, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn dára. Mo dá owó iṣẹ́ padà fún bàbá. Ti tápẹ́ẹ̀tì, kò gbà á.

Géèjì agbára ọ́ìlì kò wọ́n tó nǹkan. Ẹ tú sẹ́ńsọ̀ agbára ọ́ìlì, ẹ de ẹnu géèjì sí ojú ihò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì gbóná dé nǹkan bíi dígírì 80, kí ẹ gbé ẹ́ńjìnì dé 2,000 rpm. Lórí Golf 3, ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ fi báà 2 hàn. Bí kò bá pé bẹ́ẹ̀, ẹ gbàgbé tápẹ́ẹ̀tì ná: asẹ́, pọ́ọ̀ǹpù, àti bíárìn ni kí ẹ lọ bá. Bí ó bá pé, ọ̀nà ti là láti ṣí òkè.

Ṣíṣí ìdérí

Ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹ tú ìdérí orí ẹ́ńjìnì, kámúṣáàfù á hàn síta. Ẹ fi sípánà yí kíráńkíṣáàfù lọ́wọ́ ọ̀tún, ní ọ̀nà tí ẹ́ńjìnì ń yí sí, títí imú tó wà lórí tápẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò á fi dojú kọ òkè. Ẹ mú igi tàbí ike tó le, kì í ṣe irin, kí ẹ fi tẹ tápẹ́ẹ̀tì náà sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ewé fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) 0.1 mílímítà bá lè wọ àárín rẹ̀ àti kámúṣáàfù kí fáàfù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, tápẹ́ẹ̀tì náà ti kú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èyí tó bá rọ̀.

Nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ fi èékánná ra ojú imú kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ dán bí àwo. Bí èékánná bá kọ́ nǹkan, tàbí imú kan kúrú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kámúṣáàfù ti lọ, tápẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní pẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Yíyọ àti pípààrọ̀

Kí bẹ́líìtì táímìn (èyí tó so kámúṣáàfù mọ́ kíráńkíṣáàfù) tó kúrò, ẹ kó àmì jọ: àmì ojú fúláíwíìlì (wíìlì ńlá ìdí kíráńkíṣáàfù), àmì píní (wíìlì eléyín) kámúṣáàfù, ibi tí apá inú dísítíríbútọ̀ (tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì) kọjú sí. Ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì tiyín náà sí i. Lẹ́yìn tí bẹ́líìtì bá ti kúrò, ẹ má yí kámúṣáàfù tàbí kíráńkíṣáàfù láìnídìí, fáàfù lè gbá písítìn.

Nọ́ńbà wà lára ìdérí bíárìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo apá ibi tí ó kọjú sí kí ẹ tó yọ ọ́, torí ihò rẹ̀ kò sí láàárín gan-an, bí ẹ bá dè é lódì á fún kámúṣáàfù pa. Ẹ máa tú nọ́ọ̀tì wọn díẹ̀díẹ̀, bí àgbélébùú, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, kí kámúṣáàfù lè gòkè pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá tú apá kan tán kó tó kan ìkejì, sípíríìnì fáàfù á ṣẹ́ kámúṣáàfù fún un.

Ẹ fi mágnẹ́ẹ̀tì fa tápẹ́ẹ̀tì jáde. Kíréètì ẹyin ni mo máa ń lò: mo kọ nọ́ńbà 1 sí 8 sínú ihò rẹ̀, kóówá wọ ihò tirẹ̀, ojú tó ń kan kámúṣáàfù ló sì ń kọjú sísàlẹ̀ kí ọ́ìlì má bàa jò. Kóówá ti bá imú tirẹ̀ mọ́ra, ẹ kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ipò wọn.

Ṣé ẹ lè fọ̀ wọ́n? Ẹ lè gbìyànjú, bí owó kò bá sí, bí ojú rẹ̀ bá sì dán. Ẹ gbá a mọ́ pákó títí písítìn inú rẹ̀ á fi yọ, ẹ fọ̀ ọ́ nínú bẹtiróòlù mímọ́ ní ìta gbangba tí iná kò sí, ẹ má jẹ́ kí inú ọ̀kan pàdé inú òmíràn, ẹ má sì fi aṣọ tó ń ṣí òwú nù ún. Kí ẹ wá rì í sínú ọ́ìlì tuntun, ẹ fi wáyà tín-ín-rín ti bọ́ọ̀lù náà kí atẹ́gùn lè hó jáde. Nígbà tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó le bí òkúta. Bó bá ṣì ń rọ̀, kò sí oògùn rẹ̀. Ní tèmi, tí méjì bá ti kú nínú mẹ́jọ, mo máa ń ní kí oníbàárà ra gbogbo rẹ̀, torí owó títú òkè ju owó tápẹ́ẹ̀tì mẹ́fà yòókù lọ. Kámúṣáàfù tuntun pẹ̀lú tápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni mi ò ní de fún ẹnikẹ́ni láéláé.

Ẹ fi ọ́ìlì kun ara tápẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí ìwúwo ara rẹ̀ gbé e wọlé, ẹ má fi òòlù kàn án. Ẹ gbé kámúṣáàfù sí i kí imú méjèèjì ti sílíńdà kìíní kọjú sókè. Ẹ de àwọn ìdérí bíárìn padà bí àgbélébùú, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì (sípánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń de nọ́ọ̀tì) parí wọn sí 20 Nm. Bẹ́líìtì padà sórí àmì. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí tuntun, kò sí gọ́ọ̀mù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ má sáré tan án

Lẹ́yìn tí ẹ bá de kámúṣáàfù tán, àwọn tápẹ́ẹ̀tì tó ti kún fún ọ́ìlì ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n lè mú fáàfù ṣí dé ibi tí písítìn á ti gbá a. Ẹ fi ìdajì wákàtí sílẹ̀ kí wọ́n lè rọlẹ̀. Ẹ jẹun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà yí kíráńkíṣáàfù po lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá dúró gbọn-in níbì kan, ẹ má fi agbára tì í, ẹ padà lọ wo àmì bẹ́líìtì.

Nígbà tí ẹ bá wá tan án, ó máa pariwo. Kí ọkàn yín má ṣe já. Ẹ wo iná ọ́ìlì, kó ti kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ tún ṣe ìdánwò 2,500 tí a ṣe níṣàájú. Ó lè dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì lè gbà tó ìrìn ìdajì wákàtí kí ọ̀kan tó jẹ́ aláìgbọràn tó tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní kìlómítà 1,000, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì da ọ́ìlì àtijọ́ náà sínú abọ́ funfun. Bí ẹ bá rí i tó ń dán yinrinyinrin bí ìyẹ́ ẹja, irin ṣì ń jẹ níbì kan.